Òfàfà Tí Akọ̀wé Ajá Fi Ojú Rí

Ẹni tí inú rẹ̀ kò bá gbà kí a fi ọ̀gá ṣẹ̀sín, kó dìde báyìí kó lọ wá omi mu, torí ọ̀gá ni a ó fi rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí dé òpin rẹ̀, mi ò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí. Ibi gbogbo tí èèyàn mẹ́ta mẹ́rin bá ti jókòó jẹ́jẹ́, tí wọ́n ń ṣe nǹkan tó ń dùn mọ́ wọn, ẹ ó kàn rí i pé ẹnìkan ti yọ láti ilé ìjọba l'Ágodi, ó ní òun wá ṣe alága.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì jẹ́ ohun tí àwọn èèyàn ń jáde lọ wò n'Íbàdàn, tí òkè Màpó ṣì jẹ́ òkè lásán tí ewúrẹ́ ń jẹ̀ lórí rẹ̀, àwọn mẹ́rin kan wà tí wọ́n máa ń pàdé lọ́jọ́ Sátidé lábẹ́ igi ọdán kan ní Bẹẹrẹ, lẹ́yìn ìrun alásàrí. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Wọn ò lórúkọ. Wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á wá máa sọ ẹyẹ àti ẹranko tí kálukú rí láàárín ọ̀sẹ̀ fún ara wọn. Kò sí èrè kankan níbẹ̀ ju kí inú dùn lọ.

Bàbá Sàlámì ará Ìsàlẹ̀ Òsì ni àgbà wọn. Ọdẹ ni tẹ́lẹ̀, ogójì ọdún ló sì fi rin igbó. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún méjì ni ojú rẹ̀ ti ń ṣú, tó fi di pé ó lè mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́, ó lè mọ̀ pé ilẹ̀ ṣú, kò sì mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti gbé ìbọn kọ́ àjà. Ọjọ́ mẹ́fà nínú ọ̀sẹ̀ ló máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé á máa yà fún un bí ẹni ń yà fún ọ̀pó. Ọjọ́ keje nìkan ló máa ń wẹ̀ kí oòrùn tó yọ, tí á máa béèrè bóyá wọ́n ti kírun. "Ojú àwọn tó wà lábẹ́ ọdán yẹn ni mo fi ń ríran," bó ṣe máa ń sọ nìyẹn.

Àwọn mẹ́ta yòókù ni Fàsásì, ahunṣọ kan ní Bẹ́yẹrúnkà, tí òun àti àwọn ẹyẹ ẹ̀gà ti jọ ń jà láti ọdún mélòó kan torí pé wọ́n ń jí òwú rẹ̀; Sìdí, tí gbogbo Ọjà'ba ń pè ní Ìyá Onígi, tó máa ń ru igi ìdáná wọ ìlú láti oko; àti Louisa, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, tíṣà ní ilé ìwé ìjọ kan, tó máa ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sínú ìwé kékeré kan.

Ìlànà kan ṣoṣo ni wọ́n ní, Bàbá Sàlámì ló sì mú un wá láti inú igbó. Kí èèyàn tó la ẹnu, á kọ́kọ́ fi ọwọ́ hàn. Bó bá jẹ́ pé ó rí i, á fọwọ́ kan ojú. Bó bá jẹ́ pé ó gbọ́ ìró rẹ̀, á fọwọ́ kan etí. Bó bá jẹ́ pé ẹnìkan ló sọ fún un, á fọwọ́ kan ètè. Bàbá Sàlámì máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àlejò. "Nínú igbó," á ní, "bí ẹnìkejì rẹ bá gbọ́ ẹfọ̀n, tó wá sọ fún ọ pé òun rí i, tó nàka síbi tí kò sí, ibi tí ẹfọ̀n wà gan-an ni wàá fẹ̀yìn sí. Mo ti bá wọn sin irú ẹni bẹ́ẹ̀."

Ẹ wá gbọ́ bí Sátidé kan ṣe rí.

Sìdí fọwọ́ kan ojú. "Awọ́nrínwọ́n kan ń wẹ̀ kọjá nínú Ògùnpa láàárọ̀ àná. Ó gbé orí sókè, kò wo ẹnì kankan. Mo kí i, kò dáhùn."

Fàsásì fọwọ́ kan ojú. "Àwọn olè mi tún ti dé. Òwú aláró tí mo rẹ fún odidi ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́lé. Ilé ẹyẹ kan wà lórí ọ̀pẹ tó wà níwájú mi báyìí tó jẹ́ pé bí mo bá gé e, màá fi rán fìlà."

"Ẹ ò kúkú bá wọn pín in, Ẹ̀gbọ́n Fàsásì," ni Louisa wí. Òun fọwọ́ kan ètè. "Ọmọ kíláàsì mi kan ló ní òun rí ìjímèrè lórí ilé ìdáná àlùfáà, tó ń jẹ dòdò. Ètè ni mo fọwọ́ kàn o."

"Ètè lo fọwọ́ kàn, a rí i," ni Sìdí wí. "Dòdò yẹn, ọmọ yẹn ló jẹ ẹ́."

Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, Bàbá Sàlámì fọwọ́ kan etí. Láti ọdún méjì, etí nìkan ló ń fọwọ́ kàn. "Mo sùn sílé ọmọ mi obìnrin l'Ágodi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Òfàfà kan wà nínú igbó tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Ó ké lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé e sókè, ó já a. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Mo jókòó sórí ẹní, mo ń sunkún bí ọmọdé."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Louisa kọ ọ́ sílẹ̀: Bàbá Sàlámì, òfàfà, Agodi, etí.

Ó yẹ kí ìtàn yìí parí síbẹ̀. Ká ní ayé dára ni, ibẹ̀ ni ì bá parí sí.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹ́misí. Nígbà yẹn, àwọn òyìnbó ti pàṣẹ pé gbogbo ajá tó wà nílùú gbọ́dọ̀ ní ìwé. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àwọn ajá sílẹ̀, ẹni náà sì ni Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹ́misí. Iṣẹ́ rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Á béèrè orúkọ ajá, á kọ ọ́, á lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Akọ̀wé Ajá ni ìlú ń pè é. Òun ń pe ara rẹ̀ ní Alákòóso Àgbà Pátápátá fún Ọ̀ràn Ohun Gbogbo Tó Ní Ẹsẹ̀ Mẹ́rin ní Ìlú Ìbàdàn àti Agbègbè Rẹ̀, bí ẹ bá sì kí i láìpe gbogbo rẹ̀, kò ní dá yín lóhùn.

Kóòtù dúdú tó nípọn ló máa ń wọ̀, á de gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, á máa làágùn bí ìkòkò omi. Bàtà rẹ̀ wá láti Èkó, ó sì máa ń dún ní gbogbo ìṣísẹ̀: kín-ùn, kín-ùn, kín-ùn. Aránbàtà kan ní òun lè bá a pa ìró yẹn, Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹ́misí sì bínú sí i fún oṣù kan. Lójú tirẹ̀, ìró yẹn ni ìlú fi ń mọ̀ pé ìjọba ń bọ̀. Akọ̀wé kékeré kan tó ń jẹ́ Ọlábọ̀wálé ló máa ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú àga àti agboòrùn. Iṣẹ́ Ọlábọ̀wálé ni kó sọ pé "Ọ̀rọ̀ ńlá" nígbàkigbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá dánu dúró. Ó ti mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá bá wúkọ́ pàápàá, á ní ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Ohun tó gbé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ dé abẹ́ ọdán ni pé òyìnbó tuntun kan dé sí Agodi, ọkùnrin gíga kan tó máa ń fi àwọ̀n lé labalábá kiri nínú koríko, tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ á máa já sílẹ̀. Ìlú sọ ọ́ ní Onílabalábá kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹ́misí gbé ìwé ajá tìlù-tìfọn wọlé lọ fi hàn án, ó dúró, ó gbé àyà síwájú. Onílabalábá wo ìwé náà fìrí, ó wá ń wo kòkòrò kan lójú fèrèsé fún wákàtí kan gbáko. Kòkòrò. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí Akọ̀wé Ajá sùn. Bó ṣe wá gbọ́ pé àwọn kan ní Bẹẹrẹ ń pàdé lórí ọ̀rọ̀ ẹranko, ó mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ibẹ̀ ni ọlá òun wà.

Bàbá Sàlámì ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ń bọ̀. "Kí ló ń ké bọ̀ yìí?" ló bi Sìdí. "Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí."

"Bàtà ni, Bàbá."

Ọlábọ̀wálé gbé àga kalẹ̀ sí àárín ẹní. Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹ́misí kò jókòó. Ó gun àga náà.

"Ẹ̀yin ará àdúgbò," ló bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀yin òpè tí ẹ ní ìfẹ́, mo rí yín. Láti orí òkè tí mo wà, mo rí yín. Ẹ ń wo ẹ̀dá láìsí olórí. Ẹ ń ka ẹran láìsí ìwé. Ìrora yín dé etígbọ̀ọ́ mi."

"Ọ̀rọ̀ ńlá," ni Ọlábọ̀wálé wí.

"Ìrora wo?" ni Sìdí bi Fàsásì.

"Láti òní lọ, ẹ ti di Ẹgbẹ́ Ọlọ́lá ti Àwọn Olùwòye Ẹ̀dá. Ẹ má dúpẹ́. Mo ti gbà láti jẹ́ Alága. Mo bẹ ara mi fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó gbà."

Ó na ìwé kan tó ní òǹtẹ̀ sí wọn. Òǹtẹ̀ ajá ni o. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ ni, Louisa sì mọ̀ pé ilé ìwé òun wà lábẹ́ ojú àwọn òyìnbó, Sìdí mọ̀ pé ẹnu bodè ni òun ń ru igi gbà wọlé. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ má bú wọn, èmi àti ẹ̀yin náà ti dákẹ́ fún ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe dákẹ́ yẹn ló bà á jẹ́. Ní Sátidé kejì, wọ́n ká ẹní kúrò, àga gbọọrọ dé, ọ̀kan ga ju ọ̀kan lọ, kálukú á jókòó sí ibi tí ipò rẹ̀ mọ. Ní Sátidé kẹta, ìwé jáde pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rí ẹranko gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí Alága ní ọjọ́ méjì ṣáájú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Sìdí wí, "bí awọ́nrínwọ́n bá wá yọ lójijì ńkọ́? Ṣé kí n ní kó dúró dè mí?"

"Kí o wo ibòmíràn," ni Alága dáhùn.

"Ọ̀rọ̀ ńlá."

Ọ̀rọ̀ ẹyẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀, torí pé Fàsásì rán Alága létí pé ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ìjọba rẹ̀ mọ. Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹ́misí lọ ronú lórí èyí fún ọ̀sẹ̀ kan, ó padà wá pẹ̀lú ìdájọ́: ẹyẹ ní ẹsẹ̀ méjì, ó ní ìyẹ́ méjì, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, nítorí náà gbogbo ẹyẹ Ìbàdàn ti bọ́ sábẹ́ òun. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ẹyẹlé kan yàgbẹ́ sí èjìká kóòtù rẹ̀ láti orí ọdán. Ọlábọ̀wálé ní ọ̀rọ̀ ńlá.

Gbogbo èyí, èèyàn lè fi rẹ́rìn-ín. Èyí tó kàn kò ní ẹ̀rín nínú. Alága sọ pé ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí wọ́n ń gbé kan ara yẹn kò bójú mu fún ẹgbẹ́ ọlọ́lá. Ó ní ojú nìkan ni òun gbà. Etí kì í ṣe ẹlẹ́rìí, ètè kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹni tí kò bá ríran, kí ló wá ṣe láàárín àwọn olùwòye? Ó ní kí Ọlábọ̀wálé na okùn kan yí àwọn àga ká, kí wọ́n sì mú bàbá afọ́jú yẹn jókòó sẹ́yìn okùn, ó kéré tán ogún ìṣísẹ̀, kó má sì sọ̀rọ̀.

Sìdí ló mú Bàbá Sàlámì lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Bàbá náà kò jà. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi kan, ó dojú kọ ibi tí ohùn àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń wá, ṣùgbọ́n ariwo ọjà wà láàárín, kò gbọ́ nǹkan kan tó dá mọ́lẹ̀. Ó dùn ún wọ egungun. Ogójì ọdún nínú igbó, ẹkùn ò lé e, ẹfọ̀n ò lé e, akọ̀wé ajá ló wá lé e kúrò lórí ẹní tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́. Nígbà tó délé lọ́jọ́ náà, ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n má tún ṣètò omi ìwẹ̀ fún òun ní Sátidé mọ́.

Ọpẹ́lọpẹ́ Sìdí tó ṣì ń wá fà á lọ. "Ẹ wá jókòó sẹ́yìn okùn, Bàbá," á ní. "Bí ẹ ò bá sí níbẹ̀, èmi náà ò ní lọ."

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé Onílabalábá ránṣẹ́ sí Alága, ó ní òun gbọ́ pé ó ní ẹgbẹ́ kan, kí ló ti rí? Jìnnìjìnnì mú Akọ̀wé Ajá. Ó gba ìwé Louisa wò, ó ń ṣí i wìtìwìtì. Awọ́nrínwọ́n kéré sí i. Ẹ̀gà kéré sí i. Ó wá dé orí òfàfà, ojú rẹ̀ sì là.

Mo gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan fún yín níbí. Inú ilé ìjọ l'Ékòó ni Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹ́misí ti dàgbà. Kò sùn lóko rí láyé rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbọ́ igbe òfàfà, nígbà tó wà ní kékeré tí wọ́n mú un rìnrìn àjò. Ó tọ̀ sórí ẹní lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ̀ sì sọ fún un pé òfàfà ló ń ké. Igbe yẹn á máa bẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí ilẹ̀kùn ń han, á gòkè, á gòkè, á wá já bí ẹni pé wọ́n ń pa odidi abúlé kan. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tí kò rí i, ohun tó tóbi ló máa fi sọ́kàn. Ọkùnrin yìí ti gbé ohun tó tóbi yẹn sọ́kàn fún ogójì ọdún.

Lábẹ́ ọdán ní Sátidé yẹn, ó ka ìwé tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí òyìnbó sókè. "Èmi fúnra mi, Alákòóso Àgbà Pátápátá, fi ojú mi méjèèjì rí òfàfà kan nínú igbó Agodi. Gíga rẹ̀ ju ẹṣin lọ. Eyín rẹ̀ gùn tó apá mi. Ó wò mí, mo wò ó, òun ló kọ́kọ́ gbójú sílẹ̀."

Sìdí ń fi ìborùn nu ẹnu. Fàsásì ti di orí mú. Louisa ń wo ilẹ̀.

Ọjà ti dákẹ́ díẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí náà Bàbá Sàlámì gbọ́. Ó dìde lẹ́yìn okùn. "Ẹ dákun ọ̀gá, níbo lẹ fọwọ́ kàn?"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn okùn?"

"Èmi Sàlámì ni. Òfàfà tí ẹ ń wí yẹn, níbo lẹ fọwọ́ kàn?"

Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹ́misí rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn, ó tẹ́ gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lé ojú rẹ̀ méjèèjì.

"Ojú ló fọwọ́ kàn, Bàbá," ni Sìdí sọ fún un.

Ọkàn Bàbá Sàlámì bàjẹ́ fún ọkùnrin náà gidi, láìka ohun tó ti ṣe fún un sí. Irú iṣẹ́ ọdẹ tó ṣe rí nìyẹn, wọn kì í fi ọ̀tá sílẹ̀ kó rìn wọ ọ̀fìn. "Ọ̀gá, ẹ má tíì fi ìwé yẹn ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí òfàfà ṣe—"

"Etí kì í ṣe ẹlẹ́rìí," ni Alága wí. "Ọlábọ̀wálé, sún okùn yẹn sẹ́yìn sí i."

Wọ́n sún okùn sẹ́yìn. Ìwé lọ.

Inú Onílabalábá dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbàgbé láti fa ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sókè fún ọjọ́ méjì. Ó ní Sátidé tó ń bọ̀ ni òun fẹ́ rí ẹranko náà. Akọ̀wé Ajá ní kò sí wàhálà. Ó lọ bá káfíńtà kan ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó ní kó kan àgò onígi kan tí ẹṣin méjì lè dúró nínú rẹ̀ láìfara kanra. Àwọn igi àgò náà nípọn bí itan, àlàfo wọn sì fẹ̀, torí kí la fẹ́ fi àlàfo tóóró ṣe fún ẹran tó ga ju ẹṣin lọ? Ọkùnrin mẹ́wàá ló rù ú kọjá láàárín ìlú. Àwọn obìnrin Ọjà'ba dá ọjà dúró. Alága ń rìn níwájú, kín-ùn, kín-ùn, ó ń juwọ́ sí àwọn èèyàn bí ẹni pé òfàfà ti wà nínú àgò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ní lọ́kàn, kí ẹ má baà rò pé wèrè ni. Ó gbà pé ẹran ńlá bẹ́ẹ̀ kò lè fara pamọ́. Ó ní bí òun bá ti dé etí igbó pẹ̀lú kóòtù àti òǹtẹ̀, á jáde.

Ọ̀sán ganrín ni gbogbo wọn dé igbó Agodi, tòun ti àwọn mẹ́rin abẹ́ ọdán. Ọlábọ̀wálé na okùn káàkiri ẹ̀gbẹ́ igbó, ó sì fi Bàbá Sàlámì sẹ́yìn okùn níbẹ̀ náà. Alága ṣáájú, Onílabalábá tẹ̀ lé e, wọ́n yí igbó ká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Ìró bàtà rẹ̀ ti lé gbogbo ohun tó ń mí kúrò níbẹ̀.

Onílabalábá gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé "ẹ" wà. Ọba, àgbà, ọmọ ọwọ́, "ìwọ" ni gbogbo wọn lẹ́nu rẹ̀. "Ìwọ," ló wí fún Alága, "níbo lo ti rí i?"

"Káàkiri, sà."

"Kí ló ń ṣe?"

"Ó ń ronú, sà."

"Ọ̀rọ̀ ńlá," ni Ọlábọ̀wálé wí, ṣùgbọ́n ó ti ń wo ọ̀nà ilé.

Louisa ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ẹ̀rù ilé ìwé ń bà á, síbẹ̀ ó bọ́ síwájú, ó ṣí ìwé kékeré náà, ó fi ìka sí ojú ìlà kan. Onílabalábá kà á pẹ̀lú ìṣòro. "Bàbá Sàlámì. Òfàfà. Agodi. Etí." Ó gbójú sókè. "Sàlámì dà?"

"Ó wà lẹ́yìn okùn," ni Louisa dáhùn.

"Kí ló dé tí okùn wà?"

Bàbá Sàlámì gbé ẹsẹ̀ kan kọjá okùn, ó gbé èkejì. Sìdí fẹ́ mú un lọ́wọ́, ó ní kó fi òun sílẹ̀. Ó ń lọ láti igi dé igi, ó ń fọwọ́ pa èèpo wọn, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń gbóòórùn ilẹ̀ ìdí wọn. Ní ìdí igi àràbà àtijọ́ kan, ó bu ìgbẹ́ gbígbẹ díẹ̀ nílẹ̀, ó fi ìka fún un, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbé etí lé igi náà.

"Ihò kan wà lókè yìí," ló wí. "Ó wà nínú rẹ̀. Ó ń sùn."

"Ó ń sùn kẹ̀?" ni Akọ̀wé Ajá wí. "Nínú igi? Sà, ẹ má dá bàbá yìí lóhùn, arúgbó ń dà á láàmú."

Fàsásì ti bọ́ agbádá. Ó fi aṣọ òfì wé apá, ó gun igi náà, ó ki ọwọ́ bọ ihò. Ẹran náà sì figbe ta.

Igbe náà han, ó gòkè, ó gòkè, ó já. Ọmọ ogójì ọdún sẹ́yìn tó wà nínú kóòtù dúdú yẹn gbọ́ ọ. Kò wo ẹ̀yìn. Ibi tó sún mọ́ ọn jù lọ tó ní ilẹ̀kùn ni àgò, inú rẹ̀ ló kó sí, ó fa ilẹ̀kùn mọ́ra, àgádágodo rẹ̀ sì pa ara rẹ̀ dé. Ọwọ́ Ọlábọ̀wálé ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ọlábọ̀wálé alára ti fò kọjá okùn, àwọn tó rí i ní ó dé Ọjà'ba kó tó rántí pé òun gbé agboòrùn dání.

Fàsásì sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Ohun tó gbé bọ̀ nínú aṣọ òfì kò ju ológbò tó sanra lọ, irun rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kò ní ìrù, ó ń ṣẹ́jú nínú oòrùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun ọ̀sán. Ó gbé e lé Bàbá Sàlámì lọ́wọ́. Bàbá náà rọra fi àtànpàkò wá orí rẹ̀, etí rẹ̀, eyín rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Onílabalábá wo ọwọ́ Bàbá Sàlámì. Ó wo inú àgò. Ó tún wo ọwọ́ Bàbá Sàlámì. "Sàlámì," ló wí, "nínú àwọn méjèèjì, èwo ni òfàfà?"

"Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni, ọ̀gá. Ti inú àgò yẹn, mi ò tíì gbọ́ igbe rẹ̀ dáadáa."

Àwọn mẹ́wàá tó ru àgò jókòó sílẹ̀ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Láti inú àgò, Alága gbé àyà síwájú. "Ọmọ rẹ̀ nìyẹn, sà. Ìyá rẹ̀ ni mo rí. Mo wọ inú àgò láti dán bó ṣe lágbára tó wò."

"Àgbà ni èyí, ọ̀gá," ni Bàbá Sàlámì wí jẹ́jẹ́. "Eyín rẹ̀ ti jẹ tán. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́, kò sì tóbi jù ú lọ."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú u sílẹ̀. Òfàfà náà gba ibi tó rí: ó gba àlàfo àgò wọlé, ó gun kóòtù dúdú, ó tẹ fìlà Alága mọ́lẹ̀, ó gba àlàfo kejì jáde, ó padà sórí igi rẹ̀. Ọkùnrin tó wà nínú àgò gbìyànjú láti gba ọ̀nà kan náà, ikùn rẹ̀ kò jẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ni káfíńtà tó dé pẹ̀lú ayùn, ó sì rọra rẹ́ igi náà gan-an, torí pé inú rẹ̀ ò dùn pé wọ́n fẹ́ ba iṣẹ́ ọwọ́ òun jẹ́.

Onílabalábá kò bínú, ìyẹn ló burú. Ó kàn kọ̀wé pé irú alákòóso báyìí ṣọ̀wọ́n, ó yẹ kí ibòmíràn náà jẹ àǹfààní rẹ̀. Wọ́n gbé Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹ́misí lọ sí ìlú kan lókè lọ́hùn-ún, ní òpin ojú irin, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti sin ajá. Wọ́n ní ó gbé ìwé àti òǹtẹ̀ rẹ̀ dání lọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n tẹ́ ẹní padà lábẹ́ ọdán. Sìdí ti la àwọn àga gbọọrọ yẹn àti àgò sí wẹ́wẹ́, ó ti fi okùn Alága dì wọ́n, ó ti tà wọ́n l'Ọ́jà'ba. Ó ní wọ́n jó dáadáa. Fàsásì ní àwọn ẹ̀gà ti pa ẹyin nínú òwú aláró òun, òun ò sì lè gé ilé wọn mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí Bàbá Sàlámì.

Bàbá náà na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú. Wọn ò rí irú rẹ̀ rí nínú ìlànà wọn. "Òfàfà kan," ló wí. "Ó gbóná. Àyà rẹ̀ ń lù lọ́wọ́ mi níbí." Louisa ronú díẹ̀, ó kọ "ọwọ́" sí ìwé.

"Mo tún ní ọ̀kan," ni Bàbá Sàlámì wí.

"Ẹ máa wí, Bàbá."

Ó fọwọ́ kan etí. "Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, lójú ọ̀nà tó lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ó dá nìkan wà. Á rìn díẹ̀, á dúró, bí ẹni ń retí pé kí wọ́n pe òun padà. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó kọjá lọ."

"Ẹranko wo ni?"

"Mi ò rí i o, Louisa. Má kọ pé mo rí i. Ìró rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́: kín-ùn, kín-ùn, kín-ùn."

Louisa tẹ orí ba, ó kọ "etí" sí i.